Wèrè Tí Ó Wọ Ọjà: Iṣẹ́ Oòjọ́ àti Ipò Ẹni tí Àrùn Ọpọlọ Ń Ṣe ní Ilẹ̀ Yorùbá

1. Ìfáárà

Gbólóhùn kan wà tí ó gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá, tí ó ṣòro kí ẹni tí ó dàgbà sí àárín wọn má gbọ́ ọ rí: bí wèrè bá ti wọ ọjà, kò ṣe é wò mọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọ́n bá ṣàkíyèsí pé orí ẹni wọn ń dàrú a máa sáré dènà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ọjà, nítorí pé lójú wọn, ibẹ̀ ni ààlà wà. Ẹni tí kò tíì dé ọjà, aláìsàn ni; ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀, wèrè ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti bùṣe. Oríṣiríṣi àlàyé ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe lórí ìgbàgbọ́ yìí. Àwọn kan ní ọjà jẹ́ ibi tí àwọn ẹni àìrí àti ènìyàn ti ń pàdé. Àwọn mìíràn ní ìtìjú ni ó wà nídìí rẹ̀, pé ojú ayé ni ọjà, ohun tí ojú ayé bá sì ti rí kò ṣe é fi pamọ́ mọ́. A kò ní dá sí àríyànjiyàn náà. Ohun tí ó kàn wá nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọjà kan náà ni ibi iṣẹ́ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibi tí a kò fẹ́ kí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú dé ni ibi tí ó níláti gbà padà sí àwùjọ bí ara rẹ̀ bá yá. Báwo ni ó ṣe ń padà wọ̀ ọ́? Kí ni ó ń dènà rẹ̀? Ta ni ó sì yẹ kí ó mú un lọ́wọ́ lọ?

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà nínú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn dókítà. Ìdáhùn wa kò gùn. Dókítà ni ó ń wo àrùn, ṣùgbọ́n àwùjọ ni ó ń fún ni ní iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àwùjọ náà ni ó sì ń fi ẹni tí iṣẹ́ tọ́ sí hàn. Nítorí náà, láti inú èdè ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

2. Gírámà àìsàn

Orúkọ tí Yorùbá ní fún àrùn ọpọlọ kò kéré. Wọ́n ya wèrè àmútọ̀runwá sọ́tọ̀ sí wèrè ìran, wọ́n sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ sí wèrè àfiṣe. Wọ́n mọ abísínwín, èyí tí ó máa ń kọlu obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Wọ́n mọ dìndìnrìn, tí kì í ṣe wèrè rárá. Wọ́n tún ní wèrè aláṣọ, ẹni tí ó wọṣọ bí ènìyàn gidi tí ó ń jáde tí ó ń wọlé, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ó sún mọ́ ọn mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ẹ̀rí ni èyí pé àwọn baba wa kò fi ojú kan ṣoṣo wo ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí gbólóhùn ṣe ń tò. Bí ibà bá mú ènìyàn, a ó ní ‘ibà ń ṣe é’. Bí ó bá jẹ́ inú, a ó ní ‘inú ń run ún’. Nínú irú gbólóhùn báwọ̀nyí, àìsàn ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Àìsàn wá bá a ni, bí ó bá sì lọ, ènìyàn náà ṣẹ́kù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan orí, ètò yìí yí padà. A ó ní ‘ó ya wèrè’, ènìyàn sì di olùwà. Kò sì pẹ́ tí a ó fi ní ‘wèrè ni’. Òótọ́ ni pé a máa ń gbọ́ ‘ṣé wèrè ń ṣe ọ́ ni?’, níbi tí wèrè ti ṣe olùwà gẹ́gẹ́ bí ibà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí kò ya wèrè ni a ń fi èyí bú. Ẹni tí a rò pé àrùn náà mú ní tòótọ́, a kì í fi bẹ́ẹ̀ bi í léèrè.

Ipò tí ‘wèrè’ wà nínú ‘wèrè ni’ ni ipò kan náà tí ‘àgbẹ̀’ wà nínú ‘àgbẹ̀ ni’, tí ‘télọ̀’ sì wà nínú ‘télọ̀ ni’. Bí a bá béèrè nípa ọkùnrin kan pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, tí ẹnìkan sì dáhùn pé ‘wèrè ni’, ìbéèrè parí. Kò sí ẹni tí yóò tún béèrè pé wèrè tí ó ń ṣe iṣẹ́ wo. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ní ‘arọ ni’ tàbí ‘afọ́jú ni’, ó ṣeé ṣe kí a tún béèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé a mọ arọ tí ó ń tún bàtà ṣe, a sì mọ afọ́jú tí ó ń lu ìlù. Ní tiwa, ibi yìí ni ìdènà àkọ́kọ́ wà. Wèrè gba ààyè iṣẹ́ nínú gbólóhùn kí ó tó gbà á lọ́wọ́ ènìyàn.

Nǹkan kan kù lórí èyí. Nígbà tí ara olóko bá yá, a ó ní ó ti gbádùn. Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú tí ó sì ti padà bọ̀ sípò, gbólóhùn tí ó ń tẹ̀ lé e káàkiri ni ‘ó ti ya wèrè rí’. Ọ̀rọ̀ kékeré nì, ‘rí’, kì í gbó. Ogún ọdún lè kọjá lórí rẹ̀, àwọn tí ó bá fẹ́ fi ọmọ fún un tàbí tí wọ́n fẹ́ yá a lówó yóò ṣì gbọ́ ọ.

3. Àáró, ọ̀wẹ̀, àti ilé oníṣègùn

Ètò iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe méjì tí a mọ̀ jùlọ láàárín àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ni àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, ìṣirò wà. Bí mo bá wá sí oko rẹ ní ọjọ́ kan, ìwọ náà jẹ mí ní ọjọ́ kan, iye ebè tí mo kọ fún ọ ni ìwọ náà yóò sì kọ fún mi. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni ó ń pe àwọn ènìyàn, tí ó sì ń pèsè oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀. Ẹni tí ó bá lè wá ni yóò wá, agbára tí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá sì ní ni yóò lò. A kì í ka ebè nídìí ọ̀wẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn ọpọlọ ni ó máa ń wá tí ó sì máa ń lọ. Ẹni tí ó ní irú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́jọ, kí ó má sì lè dìde lórí ẹní fún oṣù kan. Àáró kò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀wẹ̀ gbà á. Oko ẹbí náà gbà á, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé àwọn àbúrò àti àwọn ọmọ wà níbẹ̀ tí wọn yóò gbé ìdí rẹ̀. Nígbà tí a bá wá wo iṣẹ́ oṣù òde òní, pẹ̀lú aago tí a ń tẹ̀ lé àti ìwé tí a ń fi orúkọ sí láràárọ̀, a ó rí i pé ọmọ ìyá àáró ni, àfi pé kò ní ẹbí. Èsúsú náà kò yàtọ̀. Ẹni tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣiyèméjì pé ó lè má dá tirẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án, wọn kì í gbà á sí ẹgbẹ́, bí kò bá sì sí nínú èsúsú, níbo ni yóò ti rí owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò?

Kí a má baà rò pé ohun gbogbo dára ní ayé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a yà sí ilé oníṣègùn. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣègùn Yorùbá, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1964 lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wèrè. Oṣù mélòó kan ni aláìsàn máa ń lò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n lè kọ́kọ́ fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní asọ́fẹ́yẹjẹ, ewéko tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn òyìnbó náà ti jẹ́rìí sí i pé ó ń mú ara balẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ń bọ̀ sípò, wọ́n á tú u sílẹ̀, a sì máa ṣe iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oko. Ní ìkẹyìn, wọ́n á mú un lọ sí odò, wọ́n á fi ẹyẹlé wẹ̀ ẹ́, aṣọ tí ó fi ṣàìsàn yóò sì bá omi lọ. Bí a bá fi ojú iṣẹ́ wo ètò yìí, apá méjì ni ó ní. Ètùtù etí odò jẹ́ ohun tí kò sí ní ilé ìwòsàn ìjọba: ẹ̀rí ní gbangba pé àìsàn ti parí. Ìwé tí dókítà ń fún ni kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀ lójú ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n oko ta ni aláìsàn ń ro kí ó tó dé etí odò? Oko oníṣègùn ni. Nígbà mìíràn, owó ìwòsàn ni ó fi ń san bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí gbèsè náà yóò tán. Ààlà tí ó wà láàárín iṣẹ́ tí ń woni sàn àti iṣẹ́ tí a fi ń rẹ́ni jẹ kò nípọn, a ó sì tún bá a pàdé níwájú.

4. Aro

Àwọn òyìnbó amúnisìn dá ilé àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ sílẹ̀ ní Calabar ní 1904 àti ní Yaba ní 1907. Àtìmọ́lé ni ète wọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1916 lórí ọ̀rọ̀ wèrè, tí ó wá di apá kan nínú àkójọ òfin 1958, sọ bí adájọ́ ṣe lè pàṣẹ kí a ti ènìyàn mọ́lé. Nípa ohun tí onítọ̀hún yóò máa jẹ lẹ́yìn tí a bá dá a sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ní 1944, wọ́n ṣí ti Lantoro ní Abẹ́òkúta, níbi tí a kó àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì ti da orí wọn rú sí.

Ọdún 1954 ni nǹkan yí padà. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, padà sílé láti wá darí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Aro. Ilé náà kò tíì parí. Lambo kò dúró dè é. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká, ó sì bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa gba àwọn aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé tí ń sanwó. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan níláti mú ó kéré tán mọ̀lẹ́bí kan dání, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú. Lẹ́yìn ìtọ́jú, wọ́n á padà sí abúlé, níbi tí iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ọwọ́, ijó àti ayẹyẹ ti ń lọ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n yá àwọn ará abúlé lówó láti kọ́ ilé kún ilé, omi ẹ̀rọ sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Nígbà tí ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn dókítà ọpọlọ fún gbogbo Áfíríkà wáyé ní Abẹ́òkúta ní 1961, Aro ti di ohun tí ayé ń wá wò. Ìlú Geel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí àwọn ìdílé ti ń gba aláàárẹ̀ ọpọlọ sílé láti ìgbà láéláé, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi í wé.

A máa ń yin Aro nítorí pé ó so ìṣègùn òyìnbó pọ̀ mọ́ àṣà. Ìyìn náà tọ́, ṣùgbọ́n ó fo ohun kan dá. Ní Aro, iṣẹ́ kò dúró de ìwòsàn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó kọ́kọ́ gbádùn pátápátá ná kí ó tó fọwọ́ kan ọkọ́. Ní ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀, ó lè wà ní oko ní ìrọ̀lẹ́, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì wà nítòsí tí yóò rí i bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ pé ẹnìkan wà nítòsí yìí ṣe kókó. Àìlera ètò náà sì wà nínú ohun kan náà. Oko kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, kódà ní 1954. Akọ̀wé tí ó ti Èkó wá, ọkọ́ kò lè dá a padà sí ìdí tábìlì rẹ̀, mọ̀lẹ́bí tí ó sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti wá jókòó tì í, tí ó sì sábà máa ń jẹ́ obìnrin, kò sí ẹni tí ó san owó oṣù fún un.

5. Ẹ̀rí méjì tí kò bára mu

Ní 1968, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àrùn schizophrenia ní ibùdó mẹ́sàn-án káàkiri ayé. Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tún padà lọ wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ohun tí wọ́n rí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu: àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà ń gbádùn ju àwọn ti ìlú ńláńlá òyìnbó lọ. Oríṣiríṣi àlàyé ni wọ́n ṣe. Richard Warner, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1985, tọ́ka sí iṣẹ́. Ó ní ibi tí iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe bá wà, ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì dá tán a máa rí nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n níbi tí iṣẹ́ owó oṣù bá ti gbòde, ilé ni yóò jókòó sí. Láti 2008 ni àwọn onímọ̀ mìíràn ti ń ṣe àtakò gidi sí èrò náà, tí wọ́n ń sọ pé ìyà tí ń jẹ aláàárẹ̀ ọpọlọ ní irú ilẹ̀ tiwa pọ̀ ju ohun tí ìwádìí yẹn fi hàn lọ.

Ẹ̀rí kejì wá láti ọ̀dọ̀ Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 2005, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń sọ Yorùbá, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn. Ènìyàn tí ó lé ní 2,000 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Èyí tí ó lé ní ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn gbà pé aláàárẹ̀ ọpọlọ léwu. Èyí tí ó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀rù yóò bà wọ́n láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni wọ́n gbà pé ó lè ṣe iṣẹ́ bí ẹlòmíràn.

Báwo ni ilẹ̀ kan náà ṣe lè bí ẹ̀rí méjèèjì? Èrò tiwa ni pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀n. Bí a bá bi ènìyàn nípa ‘wèrè’, ẹni tí ó wà ní ìhòòhò ní orítamẹ́ta ni ó ń wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù tí ó sì ń ta ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí a fi bi í. Oko lè gba ènìyàn láìjẹ́ pé àwùjọ gbà á.

6. Télọ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí a fi télọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí àrùn yìí kọlù máa ń tọ̀, ọjọ́ orí tí àrùn náà sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ orí ìkọ́ṣẹ́ gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ni ó ti ṣàìsàn, ọwọ́ ọ̀gá ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀gá kan yóò fi oṣù tí ó fi ṣàìsàn kún ọdún rẹ̀, òmíràn yóò ní kí àwọn òbí rẹ̀ wá mú un lọ. Bí ó bá sì gba fúrídọ́ọ̀mù, ohun tí ó kù kì í ṣe ti ìmọ̀.

Oògùn tí ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lè mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ọwọ́ tí ń gbọ̀n ṣì lè ti ọkọ̀ ẹrù, kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Oògùn mìíràn a máa mú ni sun oorun àsùnjù ní òwúrọ̀. Òmíràn kì í jẹ́ kí ènìyàn lè jókòó sójú kan, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ sì nìyí, ìjókòó ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ìṣòro wọ̀nyí ní àtúnṣe: a lè dín ìwọ̀n oògùn kù, a lè pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí a sún un sí alẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà tí kò béèrè iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe kò lè mọ̀, aláìsàn tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n a sì máa dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n á ní iṣẹ́ ni ó dá a padà sínú àìsàn.

Nígbà mìíràn, iṣẹ́ ni ní tòótọ́. Gbogbo wa ni a mọ bí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣe máa ń rí bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí aṣọ ẹbí sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Wọn kì í sùn. Fún àwọn kan nínú àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn, pàápàá àwọn tí inú wọn máa ń dùn kọjá ààlà kí ó tó tún bàjẹ́ kọjá ààlà, àìsùn òru mẹ́ta tó láti gbé àìsàn náà dìde. Irú télọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mọ́kànlá láìsí wàhálà; oṣù kejìlá ni ó nílò ẹni tí yóò bá a kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí a kò gbọdọ̀ tan ara wa lórí wọn. Ẹni tí oògùn ń kùn lóorun kò yẹ kí ó wa bọ́ọ̀sì Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀tọ́ àwọn èrò ọkọ̀ nìyẹn.

Owó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ń ti san owó oògùn àti owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní ríra oògùn, ẹni tí kò bá lo oògùn kò ní lè ṣiṣẹ́. Ní ti òṣìṣẹ́ tí a gbà, Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá tí a ó san owó rẹ̀ bí ó bá ṣàìsàn láàárín ọdún kan. Ẹni tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti jẹ ọjọ́ náà tán kí ó tó mọ orúkọ ibi tí ó wà.

7. Fi í sí iṣẹ́ ná

Fún ìgbà pípẹ́, ìlànà tí àwọn ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé, ní òkè òkun àti níbí, ni pé kí a kọ́kọ́ kọ́ aláìsàn ní iṣẹ́ nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Yóò hun apẹ̀rẹ̀, yóò ran aṣọ, yóò sin adìyẹ. Nígbà tí a bá rí i pé ó ti yege, a ó jẹ́ kí ó wá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ kì í jáde kúrò ní ìdí apẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Deborah Becker àti Robert Drake ní New Hampshire, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yí ètò náà dorí kodò. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sọ pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́, kí a bá a wá iṣẹ́ gidi tí ó ń san owó gidi, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, kí a sì wá a kíákíá. Lẹ́yìn tí ó bá wọlé ni ìrànlọ́wọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Alárànṣe kan yóò wà, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kí ó máa bá òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ àti dókítà sọ̀rọ̀, kò sì ní ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ pa á tì. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní IPS.

Wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́fà ní Yúróòpù, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Sofia, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2007. Aláìsàn 312 ni wọ́n pín sí méjì lọ́gbọọgba. Láàárín oṣù méjìdínlógún, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó wà nínú IPS ni wọ́n rí iṣẹ́ gidi ṣe. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́, ìdá 28 ni. Ìbẹ̀rù àwọn dókítà ni pé iṣẹ́ yóò da àìsàn padà sí wọn lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n padà sí ilé ìwòsàn jù.

Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Aro yóò rí i pé alárànṣe yìí kò jẹ́ àjèjì sí wa pátápátá. Mọ̀lẹ́bí tí ó jókòó ti aláìsàn ní abúlé ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé IPS ń san owó oṣù fún alárànṣe rẹ̀, ó sì rán an lọ sí ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì. Ó tún yanjú ìṣòro tí a bá pàdé ní ilé oníṣègùn: bí iṣẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́ gidi, owó tí ẹlòmíràn ń gbà fún un ni aláìsàn náà yóò gbà, kò sí ẹni tí yóò máa pè é ní oògùn kí ó lè jẹ owó rẹ̀. Ohun tí a kò lè gbé wá láìṣe àtúnṣe ni ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa kò ní agbanisíṣẹ́. Alárànṣe tí yóò ṣiṣẹ́ ní ọjà Bódìjà tàbí Kútọ̀ níláti mọ ìyálọ́jà, kí ó mọ olórí ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, kí ó sì lè dúró fún ènìyàn nínú èsúsú.

8. Òfin àti ìwé ẹ̀rí

Òfin méjì tuntun wà nílẹ̀. Èkíní, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú láti rí i pé ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ìtumọ̀ tí ó fún ọ̀rọ̀ náà kan àrùn ọpọlọ tí ó bá pẹ́ lára. Èkejì ni Òfin Ìlera Ọpọlọ ti 2021, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023. Òun ni ó pa òfin àtijọ́ ti wèrè rẹ́, tí ó sì ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀, ti ẹnu iṣẹ́ pẹ̀lú.

Ìṣòro tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́ ni pé ìwé ẹ̀rí ni a fi ń mọ ẹni tí ó kàn. Arọ tí ó gba ìwé náà kò tíì sọ ohun tí ojú kò rí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ lóṣù, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ní ibi iṣẹ́, níláti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ‘ó ti ya wèrè rí’ sí iwájú orúkọ rẹ̀ kí ó tó lè jàǹfààní. A kò rò pé ọ̀pọ̀ yóò ṣe é, a kò sì lè bá wọn wí. Bóyá ó sàn kí ẹ̀tọ́ láti gba ọjọ́ ìsinmi díẹ̀ sí i, tàbí láti dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá dípò mẹ́jọ, jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ èyíkéyìí lè béèrè láìsọ orúkọ àìsàn rẹ̀.

Apá kan wà tí ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa tààrà. Bí àwọn òfin wọ̀nyí yóò bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá télọ̀ àti ìyálọ́jà, a níláti túmọ̀ wọn sí Yorùbá, ẹni tí yóò túmọ̀ wọn yóò sì kọ́kọ́ kan ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹni tí òfin ń dáàbò bò. ‘Wèrè’ kò ṣe é lò. ‘Alárùn ọpọlọ’ tí àwọn kan ń lò sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn náà ni ó tún jẹ́, ó sì tún jókòó sí àyè iṣẹ́ nínú gbólóhùn. A dábàá ‘ẹni tí àrùn ọpọlọ ń ṣe’, níbi tí àrùn ti jẹ́ olùwà bí ibà. Ó gùn, àwọn olóòtú yóò sì fẹ́ gé e kúrú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, a ṣì lè béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ẹni tí àrùn ọpọlọ ń ṣe ni, télọ̀ ni.